Fàsílátù Apòògùn àti Àwọn Tí Kì í Lo Oògùn

Bí ẹ bá dé Mowe láàárín ọdún 2004 sí 2008, tí ẹ sì béèrè Fàsílátù Ògúnkànmí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé ó jọ aláwàdà. Ojú rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, hìjáàbù rẹ̀ a sì balẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ilé kéú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Apòògùn ni. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó wà lábẹ́ hìjáàbù yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti kó o.

Wọ́n ṣì máa ń sọ ti ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ti kúrò ní Berger, ó ń bọ̀ ní Mowe, ọkùnrin náà gbé ìgò kan sókè, ó ní oògùn inú rẹ̀ ń wo ogójì àrùn. Fàsílátù nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó béèrè bóyá ó ń wo ẹ̀yìn dídùn. Ọkùnrin náà ní ó ń wò ó. Ó béèrè bóyá ó ń wo ọkọ tó ń han oorun. Ó ní ó ń wò ó. Eyín tó ti yọ ńkọ́? Ó ní á padà hù. Òrùlé tó ń jò ńkọ́? Ẹnu ọkùnrin náà ti mọ́ "ó ń wò ó", ó sì ti sọ ọ́ jáde kó tó gbọ́ ìbéèrè náà tán. Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀. Ọkùnrin tó ní Ṣágámù lòun ń lọ, Àrépò ló ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí Fàsílátù sí. Ó kàwé apòògùn ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Òṣogbo, kó tó di pé ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ kó gbogbo wọn wá sí Mowe, nítorí pé nígbà náà kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í ta ilẹ̀ níbẹ̀. Ó rí iṣẹ́ sí ọsibítù aládàáni kan tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, láàárín Mowe àti Ibafo. Ọkọ̀ tó bá forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tó farapa wá. Ẹni tí ibà bá gbé ṣánlẹ̀ láti Magboro dé Ọ̀fàdà, ibẹ̀ náà ni.

Wọ́n fún Fàsílátù ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, tó ní fèrèsé tí kò ju kí orí èèyàn kan yọ lọ. Dókítà á kọ oògùn sórí ìwé, ẹnì kan á mú ìwé náà wá síbi fèrèsé, Fàsílátù á na oògùn sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì sú u. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé nígbà tí ìwé bá fi máa dé ọ̀dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó mú ìwé wá gba oògùn tán, ó wá ní, "Ẹ bá mi fi ti ikọ́ fée sí i, tiẹ̀ ti tán." Fàsílátù padà wo ẹ̀dà ìwé náà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún ọkùnrin aláìsàn tí wọ́n ń gba oògùn fún, ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ó sáré láti ẹ̀yìn ilé dé yàrá pàjáwìrì, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gba hóró oògùn náà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà bí ó ṣe ń gbé e lọ sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ọ̀gá dókítà tó ni ọsibítù náà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n máa jókòó sí yàrá pàjáwìrì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà."

Ọ̀gá dókítà ní, "Màmá, kò sí àyè níbẹ̀. Apòògùn ń jókòó sí ilé oògùn, dókítà ń jókòó ti aláìsàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ ṣé, sà," ni Fàsílátù sọ, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga oníke kan sí igun yàrá pàjáwìrì. Ó ní orúnkún ló ń dun òun, òun fẹ́ máa sinmi níbẹ̀ bí òun bá ń kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, tábìlì kékeré kan dé síwájú àga náà, nítorí kò sí ibi tó lè gbé ife omi rẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí ni kọ́bọ́ọ̀dù kan dé, wọ́n ní bándéèjì ni wọ́n fẹ́ máa kó sínú rẹ̀. Bándéèjì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó wà lápá òkè. Gbogbo oògùn tí wọ́n máa ń fi gba ẹ̀mí èèyàn là wà nísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Fàsílátù. Nígbà tó fi máa gbé fáànù kan dé, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń jókòó tì í lọ́sàn-án, wọn ò sì jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò.

Ọjọ́ tí ọ̀gá dókítà wá fura, ó dúró síwájú tábìlì náà, ó wò ó títí. "Ṣé ibí ni tábìlì yìí ti máa ń wà?"

"Tábìlì yìí, sà? Ó ti pẹ́ níbí." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni.

Ọ̀gá dókítà fi ìka gbá ojú tábìlì náà, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe di ara yàrá pàjáwìrì nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá dé, kí dókítà tó la ẹnu, Fàsílátù ti to abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára sórí àwo. Bí dókítà bá ń kọ oògùn, á na ọrùn láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wo àwòrán, á ní, "Dókítà, kíndìnrín bàbá yìí ńkọ́?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbádùn jù ni bíbéèrè ohun tí aláìsàn ti lò nílé, nítorí pé èsì kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ní láti Mowe dé Ìfọ̀: "Mi ò lo nǹkan kan." Obìnrin kan láti Owódé Ẹ̀gbá búra bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì ní oríṣi hóró méje nínú báàgì. Nígbà tí Fàsílátù tò wọ́n síta, obìnrin náà ní ìwọ̀nyẹn kì í ṣe oògùn, agbára ni wọ́n wà fún.

Nínú gbogbo àwọn tí kì í lo oògùn wọ̀nyí, kò sí èyí tó ṣe é bíi ti Alhaji Sùlèímọ́nù.

Awakọ̀ tírélà ni Alhaji nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ti wakọ̀ dé Màídúgùrì kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kí i tó mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin nígbà tí à ń sọ yìí, ó kọ́lé sí Ibafo, ó ní ìyàwó méjì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun àti Ọ̀gbẹ́ni Láwàl tí ilé wọn kọjú síra ti ń jà lórí gọ́tà. Láwàl ní kí gọ́tà gba iwájú ilé Alhaji, Alhaji ní àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ gba orí òkú òun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, wọ́n ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́. Láwàl dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gọ́tà, gbogbo èèyàn sì ti ń múra sílẹ̀ fún ariwo. Alhaji kò pariwo. Ó dìde, ó rìn lọ bá Láwàl, ó dì mọ́ ọn. Ó ní, "Láwàl, ìwọ lo ni òtítọ́. Kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà gba pálọ̀ mi." Àwọn onílé pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé yára kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń wí pé Ọlọ́run ló fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kàn. Alhaji wá bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó rí i pé òógùn ti bò ó láti orí dé ọrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ, ó rọra ṣubú sí Láwàl lára.

Láwàl ni ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e dé ọsibítù. Àwọn ìyàwó méjèèjì tẹ̀ lé wọn. Ìyálé, Alájà Hàfísátù, ń fi tẹ̀sùbáà ṣe àdúà. Ìyàwó kékeré, Lateefah, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Mowe, ń sunkún.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni Uthman, ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé dáadáa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan Alhaji. Alhaji ń sọ ìsọkúsọ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà Uthman wo àwọn èrò tó kún ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ibà tó ti gun orí ni. Ẹ fún mi ní kuiníìnì, kí a fi sínú omi."

Fàsílátù sún mọ́ ọn. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Dókítà, a ò tíì wo ṣúgà ara rẹ̀. Kuiníìnì sì máa ń fa ṣúgà wálẹ̀."

"Màmá, mo mọ ibà bí mo bá rí i. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn náà."

Fàsílátù wo ojú rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá tẹnu mọ́ ọn níwájú gbogbo èrò yìí, ọmọkùnrin náà á wonkoko mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó tún pa á dé.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí dà o?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ife omi rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Láwàl dìde lórí àga tó jókòó sí, Láwàl dìde, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ó ní kí Alájà Hàfísátù náà gbọn ìborùn rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́táyọ̀, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́rùn obìnrin yìí kódà nígbà tó bá ń ṣe àlùwàlá. Ó wò ó. Fàsílátù fi ojú tọ́ka sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, ó sì ń bá wíwá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ́táyọ̀ gún ìka Alhaji ní abẹ́rẹ́, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i.

"Dókítà," ni Ọmọ́táyọ̀ sọ, "mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni."

Ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í wà nísàlẹ̀ àádọ́rin. Dókítà Uthman gba ẹ̀rọ náà, ó wò ó fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Omi ṣúgà, èyí tó nípọn, kíákíá." Àmọ́ bó ṣe yíjú padà, omi ṣúgà náà ti wà lórí àwo, Fàsílátù ti fà á sínú abẹ́rẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ di rírí.

Dókítà rọra fún un sí iṣan ọwọ́ Alhaji. Kò pẹ́, òógùn náà gbẹ. Alhaji la ojú, ó wo òrùlé, ó wo Ọmọ́táyọ̀, ó wá wo ọkùnrin tó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Ta ló gbé Láwàl wọ yàrá mi?"

Alájà Hàfísátù bú sẹ́kún ayọ̀. Láwàl náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí gọ́tà rẹ̀. Ó fa Fàsílátù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin bá sọ nígbà tí ṣúgà rẹ̀ wà ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ṣé ó ṣì múlẹ̀? Akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Fàsílátù ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà, pé ẹni tí kò bá mọ̀ pé bàtà kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ ni òun ń tọ́jú, òun kì í dá ẹjọ́ gọ́tà.

Kó tó pé wákàtí kan, Alhaji ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó ní ara òun ti dá, òun fẹ́ máa lọ sílé. Dókítà Uthman béèrè bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, bóyá ó ń lo oògùn kankan. Alhaji bínú. Ó ní òun wakọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láìgbé hóró oògùn kan mì, àgbàlagbà bíi tòun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi àrùn lọ̀. Ó ní òun ò lo nǹkan kan. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni, kò lo nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ kí ó jẹun kí ó tó lọ," ni Fàsílátù wí, ó sì ní kí Ọmọ́táyọ̀ máa gún ìka rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Alhaji jẹ búrẹ́dì, ó mu ohun mímu aládùn, ó ń sọ̀rọ̀ Màídúgùrì fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, ṣúgà tó ti gòkè tún ti já bọ́ sí márùndínláàádọ́ta. Alhaji tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Láwàl ní ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n yára fa omi ṣúgà sí i lára.

Fàsílátù pe Dókítà Uthman sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Dókítà, ebi kì í ṣe báyìí. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan ló wà nínú bàbá yìí, èyí tó máa ń pẹ́ lára. Ó lè lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó lọ sílé, orí oorun ló máa bá lọ."

"Wọ́n ní kò lo nǹkan kan, mà."

"Mo gbọ́. Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Alájà Hàfísátù ló kọ́kọ́ lọ bá, lábẹ́ igi furúùtù tó wà níwájú ọsibítù. Ó kí i fún ìtọ́jú ọkọ. Ó béèrè ohun tí Alhaji fi ẹnu kàn láàárọ̀. Alájà ní ẹ̀kọ gbígbóná ni, ọwọ́ ara òun lòun fi rò ó. Fàsílátù ní ìyẹn dára. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé oògùn tí dókítà fẹ́ fún Alhaji báyìí, bó bá bá oògùn ìtọ̀ ṣúgà pàdé nínú ikùn, ó máa ń mú kí ọkùnrin máa ka àṣírí ilé rẹ̀ síta lójú oorun, gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú orúkọ. Irọ́ gbáà ni. Ó pa á láìṣẹ́jú.

Alájà yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá béèrè pé, "Bó bá jẹ́ ìdajì hóró péré ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ wá jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta ti sọ fún Alhaji pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ojú àwọn ìyàwó méjèèjì ni. Alhaji fa ìwé oògùn náà ya, ó dà á sílẹ̀, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Alájà ṣa ìwé náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ra oògùn náà ní Magboro, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì ń lọ ìdajì hóró sínú ẹ̀kọ ọkọ rẹ̀. Ó tú ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kékeré tí ìyókù oògùn náà wà nínú rẹ̀ fún Fàsílátù. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni."

"Mi ò ní sọ pé ẹ̀yin ni, mà."

Fàsílátù mọ̀ pé ìdajì hóró nìkan kò lè ṣe báyìí, àmọ́ kò pa irọ́ kankan fún Lateefah ní tiẹ̀. Ó kàn jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ó ní, bí ẹni tó ń béèrè aago, "Hóró mélòó lo máa ń fi sínú tíì rẹ̀?"

"Ẹyọ kan ni, mà," ni Lateefah dáhùn. Ìgbà tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó fọwọ́ bò ó. "Ta ló sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Tíì ni ohun kan ṣoṣo tí Fàsílátù rò pé ó lè pa kíkorò oògùn mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Lateefah ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ti há orúkọ oògùn náà sórí ní ọjọ́ Abẹ́òkúta. Magboro ló ti lọ rà á, kí ará Ibafo má baà rí òun. Ó yọ ìyókù tó ká sínú ìwé fún Fàsílátù. Fàsílátù rántí pé Magboro náà ni Alájà dárúkọ.

Ó ku ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọmọ́táyọ̀ ti ṣe ìyẹn tán láìmọ̀. Nígbà tó ń ká aṣọ Alhaji, ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Páálí oògùn ni, ó ku hóró mẹ́ta, òǹtẹ̀ kẹ́mísì Magboro sì wà lára rẹ̀. Fàsílátù gbé fìlà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Alhaji, kí ni èyí, sà?"

Alhaji kò wo fìlà. Ó wo ògiri. "Fítámì ni. Fún ojú."

"Ó mà dáa o. Ojú mi náà ń ṣe bàìbàì láti àárọ̀." Fàsílátù já hóró kan, ó gbé ife omi, ó ń gbé hóró náà lọ sẹ́nu.

Alhaji di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ awakọ̀ ni, ó ṣì le. "Má gbé e mì, ọmọ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Wàá ṣubú."

Fàsílátù rọra gbé ife omi sílẹ̀. Àwàdà kúrò lójú rẹ̀. Alhaji sọ fún un pé láti ọjọ́ tí òun ti Abẹ́òkúta dé lòun ti ń lò ó. Òun ti sọ lójú àwọn ìyàwó òun pé irọ́ ni, ojú ń ti òun láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní bàbá òun ní àrùn yìí, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi sin ín. Ẹ̀rù ń ba òun, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

"Ẹni tó ń wakọ̀ dé Màídúgùrì, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ máa bà á díẹ̀," ni Fàsílátù sọ, "kó má baà forí sọ igi. Ẹ̀yin ṣe dáadáa pé ẹ ń lò ó, sà. Ó kàn jẹ́ pé ẹ ò dá nìkan lò ó ni."

Kò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó jáde lọ pe àwọn ìyàwó méjèèjì àti Dókítà Uthman. Nígbà tí gbogbo wọn yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó to oògùn mẹ́ta náà sórí aṣọ funfun, páálí kan, ọ̀rá kan, àti ìwé tí wọ́n ká oògùn sí. Ó ní, "Oògùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́mísì kan náà ni wọ́n sì ti rà á. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ ẹni tó ni èyí tàbí ìyẹn, mi ò sì ní sọ ọ́."

Kò sí ohun tó tún kù tó yẹ ní sísọ. Alhaji wo ọ̀rá náà, ó wo ìyálé. Ìyálé wo ìwé tí wọ́n ká, ó wo Lateefah. Lateefah wo páálí, ó wo fìlà.

"Hàfísátù," ni Alhaji wí, "nínú oúnjẹ mi?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, nínú fìlà yín?" ni Alájà dá a lóhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ ò ní àrùn kankan."

Lateefah ni ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi gèlè bo ẹnu, kò ṣeé ṣe. Alájà tẹ̀ lé e. Alhaji pàápàá fẹ́ bínú sí i, àmọ́ ikùn rẹ̀ ń mì lábẹ́ aṣọ, ó wá ní, "Abájọ tí ẹ̀kọ yẹn fi ń korò. Mo rò pé o ti ń darúgbó ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Alhaji lò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ṣúgà rẹ̀ tó dúró sójú kan. Dókítà Uthman yí oògùn rẹ̀ padà sí èyí tí kì í pẹ́ lára àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kó tó kọ ọ́, ó rìn wá sídìí tábìlì Fàsílátù, ó béèrè ìwọ̀n tó yẹ kó kọ. Nígbà tí ó gbọ́ èsì tán, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi bírò gbá ọwọ́.

"Mà, kuiníìnì ọjọ́ yẹn. Bí mo bá fún un ńkọ́?"

"Ẹ ò fún un."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó báyìí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún mi níwájú èrò. Mo lè gbà á."

Inú Fàsílátù dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe fi hàn lọ. Láti ìgbà náà, kò sí oògùn tí ọmọkùnrin náà á kọ nínú yàrá pàjáwìrì láìyíjú sí igun yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀gá dókítà náà rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn àlejò pé èrò òun ni láti gbé apòògùn sí yàrá pàjáwìrì. Fàsílátù kò bá a jiyàn.

Lọ́sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Alhaji wá bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwọn onílé Ibafo sọ̀rọ̀. Ó lọ lọ́jọ́ Sátidé, sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sáré gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ọsibítù, kí wọ́n kó gbogbo ohun tó ń gbé mì nílé sínú ọ̀rá kan, àgbo, hóró, lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n gbé e dání, nítorí pé ọ̀rá kì í purọ́. Alhaji dìde gẹ́gẹ́ bí alága, ó sọ ti ara rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ọ̀rọ̀ fìlà. Àwọn onílé ń wo ojú ara wọn, wọn ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Fàsílátù wá ní kí ẹni tí kì í lo oògùn kankan nawọ́ sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Láwàl ló kọ́kọ́ nawọ́, ó nà án gbọọrọ, ó sì wo Alhaji bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Láwàl gbọ́ ikọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé etí, ó dé èjìká, ó sì wá sọ ọ́ di pé ẹ̀yìn ọrùn lòun fẹ́ họ.